Ààrò Edé ní Ẹ̀yìnkùlé Peckham

Dámisọ́lá ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara Ọládọ̀tun ọkọ rẹ le, ṣé Yéjídé ọmọ ọmọ mi ń jẹun kánú? Èmi náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Mo bẹ̀ Ẹ́ kí ó má jẹ́ kí òtútù ilẹ̀ yẹn wọ egungun yín, kí ó jẹ́ kí ọ̀nà ibi iṣẹ́ rọ̀ yín lọ́rùn, kí ilé tuntun tí ẹ rà sí Peckham sì jẹ́ ilé ẹ̀rín. Àmín. Bí mo ṣe ń gbà á nìyẹn lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń rò ó nígbà mìíràn bóyá àdúrà tí a gbà létí omi níbí lè mọ ojúlé yín, nítorí ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé àwọn tó ń pín lẹ́tà níbẹ̀ pàápàá máa ń fi tiyín sí ilé aládùúgbò.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Simeon àbúrò bàbá rẹ ti fi páànù tuntun dí ibi tó ń jò ní ilé ìdáná, ó sì fi dí fèrèsé mọ́ ọn, ó ní òjò kò ní ibi tí yóò gbà wọlé mọ́. Edé ti wọ́n lódò. Wòlíì wa ṣì ń bi mí ìgbà tí o máa wálé, mo sì ní kí wọ́n bi Ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́ léèrè.

Mo rí fọ́tò mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́. Mo ti kọ́kọ́ fèsì lórí fóònù, àmọ́ kí n tó mí, fóònù ti fún mi ní máàkì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi máàkì ìwé ọmọ ilé-ìwé, mo mọ̀ pé ẹni tó bá yára fún èèyàn ní máàkì bẹ́ẹ̀ kò ka iṣẹ́ náà rárá. Ìdí nìyí tí mo fi fi bírò kọ ọ́, Simeon yóò sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Igbókọ̀dá.

O ní o rí edé ńlá lọ́jà Deptford, èyí tó ní ẹ̀mú bíi ti alákàn, pé wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n ń gun ara wọn nínú ike, ó sì ṣe ọ́ bíi kí o sunkún níwájú ẹni tó ń tà á. O ní o fẹ́ pe àwọn ìyá ìjọ yín àti Àìṣát tó ń gbé ilé kejì, kí ẹ bọ̀ ọ́ níta ní ìgbà ooru, kí Yéjídé lè rí bí a ṣe ń ṣe é nílé. O wá ní kí n bá ọ yan ohun tí ẹ máa gbé ìkòkò náà kà. Inú mi dùn pé èmi lo bi. Mo ti rò pé gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, inú fóònù lẹ ti ń mọ̀ ọ́n.

Ti àkọ́kọ́ ni ìkòkò tó ń lo iná mànàmáná, tí ẹ máa fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Dámisọ́lá, kí ni àlejò yóò máa wò lábẹ́ ìkòkò tí kò ní iná? Níbí, bí èèyàn bá ti rí èéfín, ó ti mọ̀ pé wọ́n ń pe òun. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ ńkọ́? O ní wọn kì í mú un lọ lọ́dọ̀ yín. Simeon ní irọ́ ni, ó ní kò sí ibi tí wọn kì í ti í mú iná lọ láyé, pé àforíjì tí wọ́n ń tọrọ lẹ́yìn rẹ̀ ló kàn yàtọ̀.

Èkejì ni àdògán onírin, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń lo gáàsì, tó sì ṣeé ká. Mo rí i pé wọ́n fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin àti àbọ̀. Ìràwọ̀ tó wà lára aṣọ wòlíì wa kò tó bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ààwẹ̀ tí wọ́n gbà kí wọ́n tó rí i. Mo ka gbogbo ohun tí àwọn tó ti rà á kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ní atẹ́gùn máa ń pa iná òun, mo bá a kẹ́dùn, mo sì ní kí Simeon kọ ọ́ sí i pé kí ó fi páànù dí ọwọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Kò tíì dáhùn. Bó bá jẹ́ ará Nunhead tó wà nítòsí yín yẹn ni, ẹ bá mi kí i.

Ẹ̀kẹta ni ààrò tí ọkọ rẹ fẹ́ fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ mọ́lẹ̀.

Àdògán ni mo kọ́kọ́ yàn fún yín, mo sì rí àlàyé tó pọ̀ ṣe fún Simeon. Bí òjò bá dé, ẹ lè gbé e sá. Bí oru ìkòkò bá ń bá aṣọ tí Àìṣát sá jà, ẹ lè sún un sí ọ̀nà ibòmíràn. Bí àwọn káńsù bá sì wá béèrè ẹni tó ń dáná níta, ẹ kàn ká a, ẹ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó se nǹkan kan. Mo tún ní ó máa wọ inú báàgì onílà tí o fi kó ẹrù lọ. Ibẹ̀ ni Simeon ti bi mí pé ta ló fẹ́ di àdògán sínú báàgì, níbo ló sì ń gbé e lọ. 

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ohun tí ẹ bá lè ká, ẹ lè ká a lọ́jọ́ kan kí ẹ sì máa bọ̀ nílé. Bíríkì ńkọ́? Ẹni tó bá ti po sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló ń gbé nìyẹn.

Àmọ́ mo tún wo fídíò tí Yéjídé ti ń sáré yí ẹ̀yìnkùlé ká. Mo wo ilẹ̀ náà, ó rọ̀, koríko ni gbogbo rẹ̀, ọmọ náà kì í sì wo iwájú bó bá ń sáré, bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe. Omi tí ẹ máa fi bọ edé tó máa tó àwọn àlejò yẹn jẹ wúwo. Ẹsẹ̀ tínínrín mẹ́ta lórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹyọ kan yóò rì, ìkòkò yóò sì dà. N kò lè torí pé mo fẹ́ kí o wálé kí n gbé omi gbígbóná sókè orí ọmọ ọmọ mi. Nítorí náà, sọ fún Ọládọ̀tun kí ó mọ ààrò rẹ̀. Kí ó mọ ọ́n kúrúkúrú, kí ó jìnnà sí fẹ́ńsì onígi, kí ìdí ìkòkò rì sáàárín bíríkì dáadáa. Bí omi bá hó ni kí ẹ tó da edé sí i, kí ẹ sì gbé òkúta lé ọmọrí kíá, nítorí wọn yóò fẹ́ jáde.

O mọ̀ pé nílé wa, ìyá obìnrin ló ń kọ́kọ́ dáná sí ààrò tí a bá mọ mọ́lẹ̀ fún un. Ìyá mi ló dá tèmi. Mo bi wọ́n nígbà náà pé bí ìyá bá ti kú ńkọ́, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo ní bí kò bá ní ẹ̀gbọ́n ńkọ́, wọ́n ní kí n yé da àwọn láàmú, kí n lọ mú igi wá. Títí di òní n kò mọ ẹni tó fi òfin náà lélẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tẹ̀ lé e báyìí, kí n wá dáná sí tìrẹ. Jọ̀wọ́ fi owó tí mo máa fi gba páàsípọ́ọ̀tù ránṣẹ́, àti ti bàtà tó bo ọmọ ìka. Simeon ní àwọn òyìnbó máa bi mí ohun tí mo ń wá ṣe lọ́dọ̀ wọn. Mo ní màá sọ òtítọ́, pé mo fẹ́ lọ dáná sí ẹ̀yìn ilé ọmọ mi ní Peckham. Ó gbá orí mú, ó bẹ̀ mí kí n sọ pé ìgbafẹ́ ni mò ń bá lọ. Èmi kò mọ ìgbafẹ́ kankan ṣe.

Bí wọn kò bá gbà kí n wá, má ṣe jẹ́ kí ààrò náà máa tutù dè mí, má sì jẹ́ kí edé kú sínú ike. Dáná sí i fúnra rẹ. Mo ti rò ó yíká, n kò rí ìdí tí edé kò fi ní jinná nítorí pé n kò sí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bí ẹ bá jẹun tán, má tètè fi ọṣẹ fọ ọwọ́ Yéjídé. Jẹ́ kí òórùn edé náà sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Olúwa yóò jẹ́ kí iná yín ràn, kò ní jẹ́ kí ó jó yín. Ìkòkò yín kò ní gbẹ. Ẹni tó bá rí èéfín yín, kí ó fi ẹ̀rín wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpèkẹ́