Oyèbísí Bámilóyè, Nọ́ọ̀sì Tí Ó Kọ Ọ̀wọ̀ Kí Àbúrò Rẹ̀ Lè Yè (1954–2025)

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1954, ní ìlú Ìpẹru Rẹ́mọ, ni a bí ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n wa, Olóògbé Oyèbísí Àbẹ̀kẹ́ Bámilóyè, sí ìdílé Adéjìmí. Bàbá wọn, Pa Jákọ́bù Adéjìmí, wà lára àwọn ọmọ Rẹ́mọ tí ó tètè fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé jẹun ní Ṣómólú. Ìyá wọn, Màmá Dèbórà, ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Fádèyí. Èmi tí ẹbí ní kí n kọ ìtàn yìí, ọmọ àbúrò bàbá wọn ni mí. Màmá Oyèbísí jù mí lọ, mo sì ju Bọ́dúndé, àbúrò wọn ọkùnrin, lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ti àbúrò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn yìí, nítorí kò sí bí a ṣe lè sọ ti Màmá kí a yọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún 1960 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bariga, wọ́n sì jẹ́ ọmọ tí ìwé yé. Ní ìparí ọdún 1967, nígbà tí gbogbo ilé ń palẹ̀ ọdún Kérésìmesì mọ́, ni a bí àbúrò wọn ọkùnrin, Bọ́dúndé. Kí ọmọ náà tó mọ ìjókòó, ìyá wọn ti kú. Màmá kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, àwọn ni wọ́n sì di ìyá ọmọ. Wọ́n pọ̀n ọ́n lọ síbi omi, wọ́n pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwé, tíṣà sì lé wọn jáde nítorí ẹkún rẹ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ti ń da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì gbà wọ́n ní ọdún 1974, wọ́n ní àwọn kò lọ, àfi ìgbà tí ìyá mi gba Bọ́dúndé sọ́dọ̀ tí ó sì fi Bíbélì búra pé ebi kò ní pa á.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní ọdún 1977, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba káàkiri Èkó títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2014. Ní ọdún 1980 wọ́n fẹ́ Olóògbé Alàgbà Bámilóyè, olùkọ́ tí gbogbo Bariga mọ̀. Alàgbà fúnra wọn a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé nígbà tí àwọn gbé ìyàwó dé ilé, Bọ́dúndé ni àwọn kọ́kọ́ bá nínú ẹrù ìyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn. Alàgbà ṣíwájú lọ sí ilé ní ọdún 2009.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ níwájú òkú: Màmá le. Ojú wọn nìkan tó láti mú kí ọmọ tí ń sunkún dákẹ́. Ní àdúgbò wa, kò sí ọmọlúwàbí tí í mu sìgá lójú àgbà, ẹni tí ó bá sì mú un lọ́wọ́ yóò wá ibi tí yóò fi í pamọ́ sí. Bí Màmá bá ti yọ ní Ladi-Lak ní Bariga, àwọn géńdé á sọ sìgá sínú gọ́tà, wọn á dọ̀bálẹ̀. Màmá a máa gbàdúrà fún wọn, inú wọn a sì máa dùn. Bọ́dúndé náà ti kọ́ sìgá ní ilé ìtẹ̀wé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, ní àsìkò tí kàlẹ́ńdà pọ̀ tí ẹ̀rọ kì í sinmi. Gbogbo wa ni a mọ̀. Màmá nìkan ni kò mọ̀, nítorí kì í dé ilé wọn láìfọ ọwọ́, láìjẹ orógbó.

Lẹ́yìn tí Màmá fẹ̀yìn tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Ìtura, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ladi-Lak. Ní ọdún 2018, yunifásítì kan rán Dókítà Moyọ̀sọ́lá, olùkọ́ nípa ìlera àwùjọ, wá síbẹ̀ pé kí òun àti àwọn nọ́ọ̀sì jọ máa ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá mímu. Yunifásítì yóò kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọgbọ́n tuntun, yóò sì pèsè ṣingọ́ọ̀mù tí ó ní oògùn nínú, èyí tí í dín òǹgbẹ sìgá kù. Àwọn nọ́ọ̀sì ni yóò máa tọ aláìsàn lẹ́yìn dé ilé, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ojúlé. Màmá ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Bí wọ́n bá bi aláìsàn pé, “Ṣé ẹ ti jáwọ́?”, “Bẹ́ẹ̀ ni” ni gbogbo wọn ń dáhùn. A yin Ọlọ́run lógo ní ìjọ, a sì gbà pé iṣẹ́ ti yọrí.

Ní ọdún 2020, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bọ́dúndé. Láti ilé ìtẹ̀wé dé Fádèyí, ó di ohun tí ó ń dúró sinmi lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó yá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúdú. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: èéfín sìgá ló ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Ó ní iṣẹ́ abẹ lè là á, ṣùgbọ́n bí Bọ́dúndé bá ṣì ń mu sìgá, yóò tún dí, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà, bóyá èkejì náà, a kò sì mọ ibi tí yóò parí sí. Màmá, ẹni tí ó ti tọ́jú òkú àti ààyè, jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀rù láyé, òun ni pé kí àwọn sin ọmọ tí àwọn pọ̀n dàgbà.

Màmá fúnra wọn ni wọ́n gbà á sínú ètò ìjáwọ́ nínú sìgá ní Ìtura. Bọ́dúndé búra pé òun ti jáwọ́. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ sọ̀yà níwájú dókítà oníṣẹ́ abẹ pé àbúrò àwọn kì í parọ́ fún àwọn. Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ṣùgbọ́n yunifásítì ti gbé ẹ̀rọ kékeré kan dé, èyí tí ènìyàn ń fẹ́ èémí sí, tí yóò sì sọ bí èéfín ṣe pọ̀ tó nínú ara. Dókítà Moyọ̀sọ́lá ní kí gbogbo aláìsàn fẹ́ ẹ. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bàbá ọmọ ni àwọn ènìyàn yìí, a kì í yẹ àgbàlagbà wò bí ẹni tí a fura sí pé ó jalè. Dókítà Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ó ní kì í ṣe ìfura, pé ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ la ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà. Bọ́dúndé fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ sì sọ pé èéfín pọ̀ nínú rẹ̀. Màmá ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé ìtẹ̀wé ni. Wọ́n mú un kúrò níbi iṣẹ́, ó lo ọjọ́ mélòó kan ní ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó tún fẹ́ ẹ, bákan náà ni. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn yòókù náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wo ojú Màmá nínú yàrá náà. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n jáde láìdágbére.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ sún ọjọ́ síwájú. Ìka ẹsẹ̀ kejì ń dúdú. Màmá kò gbé fóònù ẹnikẹ́ni, wọn kò sì bá Bọ́dúndé sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, bí fóònù bá dún ní ilé ẹnikẹ́ni nínú wa, ìbẹ̀rù ni a fi ń gbé e.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn géńdé tí ó wà ní ìkóríta dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò rí àyè sọ sìgá nù. Ó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí wọn pé ẹ káàsán, Màmá. Wọ́n ti rékọjá kí òórùn ẹran ara tí ń jóná tó kàn wọ́n nímú. Wọ́n padà, wọ́n fipá la ọwọ́ rẹ̀, iná sìgá ti jó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ibẹ̀ ni ojú àwọn ti là. Àwọn aláìsàn yẹn kò fojú di àwọn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń parọ́ fún àwọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe Bọ́dúndé sí pálọ̀ wọn, wọ́n ní kí èmi náà wá jókòó. Wọ́n gbé àwo tíì kan sí orí tábìlì, wọ́n ní, “Bọ́dúndé, yọ sìgá rẹ jáde. Mu ún níṣojú mi.” Bọ́dúndé dojú bolẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ní ó sàn kí òun kú ju kí òun ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá, tí n kò rí omijé wọn rí láti ọjọ́ tí ọkọ wọn ti kú, ń sunkún. Wọ́n ní, “Ọ̀wọ̀ tí o ń bù fún mi yìí ni yóò pa ọ́. Gbà á padà, mi ò fẹ́ ẹ mọ́.” Bọ́dúndé gbé orí sókè. Kò yọ sìgá kankan, ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ó ní, “Àǹtí mi, àárọ̀ yìí ni mo mu ún kẹ́yìn.” Ọ̀rọ̀ òtítọ́ àkọ́kọ́ tí ó sọ fún wọn lórí ọ̀ràn náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìta, ó sì dé ìjọ. Wọ́n ní Matron, bí wọ́n ṣe ń pe Màmá, ń fún ọkùnrin ní sìgá mu ní pálọ̀. Ìjọ ní kí Màmá fi ipò wọn gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá sílẹ̀ ná, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìjiyàn. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni lónìí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn wà láàárín wa níbí, wọ́n mọ ara wọn, a sì ti dárí jì wọ́n, àfi díẹ̀.

Màmá padà sí Ìtura, wọ́n bẹ Dókítà Moyọ̀sọ́lá, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé Bọ́dúndé lé Nọ́ọ̀sì Rasheedat lọ́wọ́, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí Bọ́dúndé kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Èyí dùn wọ́n ju ti ìjọ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì àti yunifásítì jókòó, wọ́n sì pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní máa tọ́jú ẹbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìjọ rẹ̀ mọ́, àti pé a kò ní béèrè bóyá ènìyàn ti jáwọ́. Ìbéèrè tuntun ni, “Ìgbà wo lẹ mu ún kẹ́yìn?” Ẹni tí ó bá ṣubú lè dáhùn ìyẹn láìtijú. Ìbéèrè náà ti wọ inú ẹ̀kọ́ tí Dókítà Moyọ̀sọ́lá ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì báyìí.

Bọ́dúndé ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Rasheedat ní ìgbà méjèèjì, Màmá kò sì bi í léèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń jó wọn lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹ̀rọ sọ pé ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Gbogbo ìgbà tí ó fi wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ìdúró ni Màmá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ méjì. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà.

Ìjọ dá ipò padà, Màmá ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ ní Ìtura títí di oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí àìsàn ọkàn dá wọn dúbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, wọ́n sùn nínú Olúwa. Orí wọn wà ní apá Bọ́dúndé.

Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ sáyé lọ: Bọ́lárìnwá, Dọlápọ̀ àti Òkìkíọlá, pẹ̀lú àwọn ọkọ àti ìyàwó wọn, àwọn ọmọ-ọmọ, èmi àti gbogbo ìdílé Adéjìmí àti Bámilóyè, àti Bọ́dúndé, àbúrò wọn, tí àwọn tí kò mọ ìtàn a máa pè ní àkọ́bí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. A ti gba àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígbé pósí, ṣùgbọ́n Bọ́dúndé kọ̀, ó ní ìhà orí ni òun yóò ti gbé e. Ó ń tiro, kò sì lè yára. Bí a bá pẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ibojì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kán wa lójú, ẹ má sì bá a gbà á. Ẹni tí Màmá ń bẹ̀rù pé àwọn yóò sin ni ó ń sin wọ́n lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì ni ó sì fi ń rìn.

Oyèbísí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Adéjìmí, ilẹ̀ Rẹ́mọ yóò dẹ̀ yín lára. Ẹ sùn re o.