Ojú Dárasími Kò Kúrò Nílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ Dárasími ọmọ mi ti ká mi láyà. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún bàbá Dárasími tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀.

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti tú Dárasími sílẹ̀, kò rí oorun sùn. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn tó wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní kó máa fojú tẹ̀lé ìka òun sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń rántí inú igbó, kí ìpayà náà lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ti hewú, ilẹ̀ ni ọmọ yín ń wò. Ó ní, “Màmá, ṣé kí n máa tẹjú mọ́ àgbàlagbà ni?” Mo sọ ọ́ títí, ó rẹ̀ mí. Tiyín ló máa ń gbọ́. Ẹ bá mi kọ ọ́ sí i pé kò sí àrífín níbẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Èmi Títílọlá àbúrò yín ni mo ń bẹ̀ yín, ẹ tètè fèsì kí a tó padà lọ bá dókítà ní Ọjọ́rú.