Ẹyẹ Tó Ń Wọ́ Apá Nílẹ̀ ní Fàdámà

Ọjọ́bọ̀, oṣù Máàṣì, 1951

Ọ̀la ni màmá ọkọ mi fẹ́ fi rélùwéè gbé Délé ọmọ mi kúrò nílẹ̀ Haúsá níbí lọ sí Ọ̀fà, nítorí mo ti já a lẹ́nu ọmú. Bàbá rẹ̀ ti gbà. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi kọ̀?

Láàárọ̀, mo pọ̀n ọ́n lọ ra àlùbọ́sà ní fàdámà, oko àbàtà ẹ̀bá odò. Àwọn ẹyẹ òkèèrè tó máa ń bá ọyẹ́ wá sínú àbàtà ti ń lọ. Àwọn tó ń yé ẹyin síbẹ̀ ló kù. Ọ̀kan ṣubú níwájú mi, ó ń wọ́ apá nílẹ̀ bíi pé ó ti kán. Àánú ṣe mí, mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo jìnnà díẹ̀, ó fò lọ!

Ládì alálùbọ́sà rẹ́rìn-ín. "Maman Délé, ó tàn ẹ́! Ìyá ọmọ ni. Ó ń fà ẹ́ kúrò nídìí ọmọ rẹ̀ ni."

Bí mo ṣe délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

"Ìyàwó mi, kí ló ṣe ẹ́?" Màmá ní. "Títí ẹsẹ̀ yìí yóò fi san, n ò lọ ibì kankan."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi òrí pa ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ojú tì mí. Inú mi sì dùn.

Ẹyẹ yẹn mọ ìgbà tó yẹ kí òun fò. Èmi, títí di ìgbà wo ni n ó máa tiro?