Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Bàbá Rẹ Fi Ń Yìn Ọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìdánwò ti parí, mo gbàdúrà pé o ti ń sùn, o sì ti ń jẹun bí èèyàn. Ara tiwa le níbí, àfi orúnkún mi tó ń ṣe mí bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi pa aṣọ oníbàárà tì, tí mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti kọ èyí.

Bàbá rẹ ní òun kò ní wá síbi tí o ti fẹ́ gboyè.

Ṣé o rántí obìnrin ìjọba tó wá ka iye èèyàn nílé wa nígbà tí o wà ní kékeré? Ìwọ lo ka bébà ọwọ́ rẹ̀ sókè fún bàbá rẹ, obìnrin náà sì ní "literate" ni ọ́. Bàbá rẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, obìnrin náà ní ẹni tó mọ̀wé kà, tó sì mọ̀ ọ́n kọ ni. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹni tó wá gba àga á gbọ́, ẹni tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe á gbọ́: "Ọmọ mi, lítíréètì ni o!" Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà gan-an, mo rò pé òyìnbó tó ga jù nìyẹn.

Nígbà tí ìròyìn dé pé o ti yege, bàbá rẹ tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀gá ilé-ìwé kan tó wá gba tábìlì, lójú gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá ti lè kàwé, literate náà ni. Irú ọmọ tiyín yìí tó jinlẹ̀ nínú ìwé, 'erudite' là ń pè é." Bàbá rẹ ní, "Ẹrú kẹ̀? Ọmọ tí mo bí, ta ló máa pè é lẹ́rú?" Ẹlòmíì ní kó pè ọ́ ní "well-read". Rẹ́ẹ̀dì tí bàbá rẹ mọ̀, ọ̀dà pupa ni, ló bá bi í pé kí ló pọ́n lára ọmọ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, ti ọjọ́ yẹn kò dénú.

Ó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, "Ìyá ọmọ, gbogbo ọdún yìí, ṣé mo kàn ń bu ọmọ yìí kù níta ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ó ní kìkì ọ̀mọ̀wé ló máa kún ibi tí ẹ ti fẹ́ gboyè, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa lanu, ojú á sì tì ọ́.

Ọmọ mi, o mọ̀ pé bàbá rẹ kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ẹni tí kò lè ka ibi tí ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀ ń lọ, kí ló tún ga lójú rẹ̀ ju kí ọmọ rẹ̀ mọ̀wé kà? Kò bù ọ́ kù rárá. Ibi tó ga jù tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló gbé ọ sí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń da ìbéèrè bò mí: báwo ni wọ́n ṣe ń kọ èyí, kí ni wọ́n ń pe tọ̀hún. Ó ń fi pẹ́ńsùlù iṣẹ́ rẹ̀ fa gbogbo rẹ̀ sára àjákù pákó. Mo ní ṣé ó máa wá lọ báyìí? Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìwọ nìkan ló máa dá lóhùn.

Iwájú lo máa máa lọ. Ohun tí o fi oorun ojú rẹ wá kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú wa yóò sì rí ọjọ́ ńlá náà.

Èmi ni ìyá rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ.

Àfikún: Mo fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ kó aṣọ tí mo sá. Ohun tí mo bá nísàlẹ̀ rẹ̀ nìyí. Mi ò di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ ọ́ o.

OMO MI
MO N BO
BABA RE