Gáùn Tí Mo Dín

Màámi,

Mo kí yín o, mo tún kí ọwọ́ yín tí kì í kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. Ara mi le. Ẹ ní kí n ya fọ́tò nínú gáùn aláwọ̀ ewé tí ẹ rán fún mi. Kò tíì ṣeé yà.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, pé kí n máa tú u bí mo bá ṣe ń sanra? Mi ò tíì tú nǹkan kan. Mo ti dín in lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bẹ̀rù, aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ni ló wá wù mí báyìí.

Aṣọ aláwọ̀ eérú ni gbogbo àwa tá à ń lọṣọ nílé ọ̀gá ń wọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń fara balẹ̀ múra bó ṣe wù mí, màá wá rìn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin tá a jọ ń sùn ní yàrá á ní, “Ìyàwó olówó, òde wo là ń lọ?” A ó rẹ́rìn-ín títí. Ọwọ́ ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà.

Mo tún ti fẹ́ràn apá gígùn. Mo gé lára ìsàlẹ̀ gáùn náà, mo fi lé apá rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Áyọ́ọ̀nù ibí tètè ń gbóná, inú ọ̀gá náà sì tètè ń gbóná.

Ẹ bá mi kí bàbá mi. Ẹ kí àbúrò mi tó ní òun ti ń di ẹrù láti wá bá mi. Ẹ gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, Màámi. Ẹ ní mo kí i gan-an ni.