Aláròyé Inú Mọ́tò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Iná yẹn tún tàn láàárọ̀ yìí. Iná kékeré, àwọ̀ ìyeyè, tó rí bí ìkòkò tí wọ́n na igi ró sínú rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ — Aláròyé. Ó ní afẹ́fẹ́ táyà ti lọ sílẹ̀. Táyà wo? Kò sọ. Ó kàn ń tàn sí mi lójú ṣáá.

Ọkọ mi, Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n, gbé géèjì rẹ̀ jáde, ó wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kò sí nǹkan kan, irọ́ ni iná ń pa. Ó wọlé lọ jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó ṣì ń tàn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Wàhálà dé. Mo ń gbé ọmọ mi bọ̀ láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Jẹ́jẹ́ là ń pè é nílé, torí kò sí ohun tí kì í bà á lẹ́rù. Oyún rẹ̀ ti tó bí. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú òkun, èmi ni màá gbé e lọ sí ọsibítù tó bá ti ń rọbí. Láti ìgbà tí ikùn ò tíì yọ la ti jọ ṣàdéhùn ẹ̀.

Bó ṣe rí Aláròyé, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú o, mi ò lè máa rọbí nínú mọ́tò tó ń kìlọ̀." Pé òun á pe takisí.

Takisí! Èmi tí mo bí i! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Mo gbé e délé rẹ̀, mo wá lọ sunkún díẹ̀ ní kíṣìnì mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Onítáyà àdúgbò fi omi ọṣẹ pa gbogbo ẹsẹ̀ mọ́tò. Kò sí èyí tó hó. Ó tún fẹ́ wọn sí i. Aláròyé ò gbà.

Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n ní kí n lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn lójú, kí Jẹ́jẹ́ má baà rí i. Mo ní ṣé kí n wá máa tan ọmọ tó ń lọ bímọ jẹ ni? Ó ní àbá lòun dá. Mo gba téèpù náà. Mo tiẹ̀ gé e. Mo jù ú nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo rí i! Mo rí i!

Àyè ni mo ń wá fún báàgì Jẹ́jẹ́ nínú bọ́ọ̀tù. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi sì ni bọ́ọ̀tù yẹn — táìsì tó ṣẹ́kù nígbà tá a tún balùwẹ̀ ṣe, àbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa tún ṣe "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Mo fi ìbínú kó gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀. Mo ṣí pákó ìsàlẹ̀. Ẹ́sítírà táyà ló sùn síbẹ̀, èyí tá a gbé pamọ́ de ọjọ́ tí táyà bá jò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ bí ìrọ̀rí.

Táyà karùn-ún! Mẹ́rin ni gbogbo wa ń kà. Mo yí i lọ bá onítáyà, ó gbá orí ara rẹ̀: ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ẹ́sítírà náà tó ń ta iná lólobó. Ó pààrọ̀ fáàfù tó ti gbó, ó fẹ́ ẹ. Mo wakọ̀ yí àdúgbò ká, Aláròyé kú pii. Mo hó yèè nínú mọ́tò lémi nìkan.

Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n ní òun ti fura tẹ́lẹ̀. Hẹ̀n! Ó káre.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Jẹ́jẹ́ wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù. Ara tù mí.

Ọjọ́rú, 12

Orí àga ọsibítù ni mo ti ń kọ èyí. Ọwọ́ mi ṣì dúdú.

Jẹ́jẹ́ pè láàárọ̀: "Màámi, ó ti bẹ̀rẹ̀." A lọ gbé e, ọkọ mi jókòó sẹ́yìn. A ò tíì dé ojú títì ńlá tí Aláròyé fi tún lajú. Jẹ́jẹ́ tó ń pe takisí lọ́jọ́sí ló ń pariwo pé, "Ẹ má dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ ṣáà máa lọ!"

Ó kù díẹ̀ kí n gbà. Ṣùgbọ́n Aláròyé ò parọ́ fún wa rí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìṣó gígùn kan ti wọ táyà ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ń jáde, ṣíí.

Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó gbé jáàkì. Èmi tú nọ́ọ̀tì. Ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, Ọlọ́run ló ń gbọ́ mi. A fi ẹ́sítírà rọ́pò, ó le ko. Ká ní ó ṣì rọ̀ bí ìrọ̀rí ni — mi ò fẹ́ rò ó dópin.

A gbéra, iná ṣì ń tàn. Jẹ́jẹ́ di apá mi mú: "Kí ló tún ń wí?" Mo ní táyà tó jò ló wà ní bọ́ọ̀tù, ẹjọ́ ẹ̀ ló ń rò. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kó máa rò ó."

Obìnrin ni. Ara ìyá le, ara ọmọ le. Àtìgbà tó ti jáde ló ti ń ké, nọ́ọ̀sì wẹ̀ ẹ́ tán, kò dákẹ́. Jẹ́jẹ́ fi ojú tó ti wú wò mí, ó nawọ́ ọmọ sí mi: "Màámi, Aláròyé yín rèé."

Mo gbà á mọ́ra tọwọ́ dúdú tọwọ́ dúdú. Mo ní kó máa ké. Gbogbo wa ń gbọ́.