Bí Mo Ṣe Bẹ Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà Ní Ọ̀wẹ̀

Synnøve ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òjò, mo sì kí ọ kú ìfaradà àwọn ilé gíga Oslo tí kì í jẹ́ kéèyàn rí òkè. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ yẹn, nítorí èmi ò gbọ́kàn lé ọkọ̀ tí kì í rí oòrùn. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ síbi tó hàn pé òun ò lọ́wọ́ sí nǹkan kan nínú ohun tí o fẹ́ kà yìí. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò dí ẹnu mi lọ́wọ́ oúnjẹ.

Iṣẹ́ tí o rán mi ni mo fẹ́ jẹ́. Nígbà tí o wá lóṣù Keje, o gbé ètò mẹ́ta sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, o ní ibi iṣẹ́ yín fẹ́ mú ọ̀kan, ìwọ lo sì máa dúró níwájú àwọn ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ẹtì láti sọ èwo ni. O ṣàlàyé pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ báyìí, pé ènìyàn kan lè rán márùn-ún nínú wọn níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó ṣòro kò ju kéèyàn mọ ohun tí kálukú ń ṣe, àti pé iṣẹ́ àwọn ètò mẹ́ta wọ̀nyí ni kí wọ́n máa báni mójú tó wọn. O ní kí n fi ìwé tí ẹgbẹ́ àwa olùsìn àgùntàn ń kọ ẹran àti olówó wọn sí dán wọn wò, torí bí èmi bá lè lò ó, kò sẹ́ni tí kò ní lè lò ó. Mo kọ́kọ́ rò pé o ń yìn mí ni. Ìyá rẹ ló là mí lójú.

O mọ̀ pé èmi ni olórí ìkójọ lọ́dún yìí. Sátidé yìí la máa kó àwọn àgùntàn wálẹ̀ láti orí òkè, bí ìwé yẹn kò bá sì tọ́, a ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Pétérù yàtọ̀ sí ti Pọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti iṣẹ́ náà bí àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ètò àkọ́kọ́ to àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún sápá òsì, àpótí kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ju àwọn tó ń ta fóònù lọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kálukú dá wà láyè tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tirẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá fẹ́ kun ilé ìpàdé lọ́dà, ṣebí ọ̀wẹ̀ la ń bẹ̀, tí gbogbo ènìyàn á dé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo wá ibi tí ètò náà ti gbà kí gbogbo wọn ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan ṣoṣo. Ó kìlọ̀ fún mi, mo ní kò mọ̀ ọ́n, kò gbé abúlé rí. Mo kọ̀wé sí wọn pé ọ̀wẹ̀ dé o, kí gbogbo wọn jọ wọlé, kí wọ́n jọ tún ìwé ṣe, mo sì lọ gbé kọfí kaná. Ife mẹ́fà ni mo tò kalẹ̀, tìrẹ tó wà lórí ìṣó wà lára wọn, torí ife wa kò tó. Ìyá rẹ wo ife, ó wò mí, ó ní òun kàn fẹ́ mọ ẹnu tí wọ́n máa fi mu ún ni.

Kí kọfí tó hó, ọ̀kan ti to àgùntàn ní nọ́ńbà, èkejì tò wọ́n ní orúkọ olówó wọn, ẹ̀kẹta rò pé àṣìṣe ni èkejì ṣe, ó tú u ká, ẹ̀kẹrin nu gbogbo orúkọ tó bá ti hàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀karùn-ún wá fi orúkọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù dí gbogbo àlàfo. Èmi ò kà á. Mo tẹ̀ ẹ́ síwèé, mo lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù abúlé pẹ̀lú ìgbéraga. Irinwó ó lé méjìlá àgùntàn, gbogbo wọn pátá di ti Oddbjørg aládùúgbò wa.

Oddbjørg tí èmi àti ẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ àgbò kan láti ọdún mọ́kànlá! Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló fi ọkọ̀ fa kẹ̀kẹ́ ẹran wọ àgbàlá wa, ó ní Bàbá Synnøve, òun wá kó ẹran òun o, pé ká ní mo ti fún òun ní àgbò yẹn látijọ́, ẹyọ kan péré ni ì bá ná mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Ó mu mẹ́ta nínú kọfí ọ̀wẹ̀ náà, ó ní ó ti tutù, ṣùgbọ́n òun ò lè bá àwọn tó ṣiṣẹ́ fún òun bẹ́ẹ̀ jà. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ tí o fi pamọ́ fún wa.

Ètò kejì kì í ṣe nǹkan kan láìgba àṣẹ. Ṣé kí òun ṣí ìwé yìí? Ṣé kí òun ka ìlà yìí? Ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè, báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún un pé rárá? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mo ń tẹ̀ ẹ́ títí ànàmọ́ ọ̀sán fi tutù sórí tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà ọgbọ̀n, n ò kà á mọ́. Ibẹ̀ ló ti bi mí bóyá kí òun ka àgùntàn tí a ò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ sí òkú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Àwa la kì í kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ọgọ́ta àgùntàn wa, n ò sì rí ẹran jẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òun bèèrè dáadáa, èmi tí wọ́n ń bi ni mo ṣìnà.

Ètò kẹta ya kálukú sọ́tọ̀, n ò sì rí ibi tí mo ti lè bẹ ọ̀wẹ̀ nínú rẹ̀. Mo wá a o, n ò ní purọ́. Bí ẹnì kan bá parí, á gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ìlà àtijọ́ ní pupa, tuntun ní àwọ̀ ewé, ìwọ lo máa sọ èyí tó máa wọlé. Bí mo ṣe ń wò ó, mo rántí ọgbà tí a ti ń ya ẹran kálukú sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìkójọ. Lórí òkè, gbogbo ẹran ló dà pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délẹ̀, oko kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá àti ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àìfẹ́ aládùúgbò. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó kan pákó rẹ̀. Ojú tì mí. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn tí mo ń tì í, àfi ìgbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà tí mo wó gbogbo ògiri rẹ̀ tán.

Nítorí náà, sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ẹ̀kẹta ni. Àkọ́kọ́ dára lójú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí arúgbó rí bọ́tìnnì tó ń kó gbogbo wọn sórí ìwé kan yẹn. Èkejì dára fún ẹni tó bá mọ rárá í sọ. Àléébù ẹ̀kẹta ni pé lẹ́tà rẹ̀ kéré bí iná orí, bó bá sì ń dúró de èèyàn, á ké bí ẹyẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wo ojú fèrèsé.

Ó ku nǹkan kan. Kí ètò kẹta tó parí ìwé, ìbéèrè kan péré ló bi mí. Ó ní àwọn márùn-ún ni orúkọ wọn wà fún gígun òkè, Oddbjørg, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, èmi, àti Synnøve, ṣùgbọ́n Synnøve kò tíì bá wọn gun òkè láti ọdún mẹ́fà, ṣé kí òun yọ orúkọ rẹ̀? Mo tẹ rárá. Ìyẹn ni rárá àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn lọ fọ ife rẹ, ó gbé e kọ́ padà sórí ìṣó.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo fi orúnkún mi ṣẹ̀fẹ̀ lókè lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n dókítà ti ní n ò gbọdọ̀ gun òkè lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà ìhà àríwá tó gba ẹ̀gbẹ́ omi yẹn, èmi àti ìwọ nìkan la mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sẹ́ni tó gba ibẹ̀, àgùntàn tó bá wà níbẹ̀ á bá yìnyín pàdé. Bí o bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ bí àwọn ọmọ tó gbọ́n, fi owó awò ojú ránṣẹ́, torí lẹ́tà kéékèèké yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀kan lo lè ṣe, jẹ́ kí n máa fọ́jú lọ, kí o wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Kí ọ̀rọ̀ rẹ wọ àwọn ọ̀gá rẹ létí. Kí ilẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní ìlú, kó má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lórí òkè. Mo ti fi ọ̀rá pa bàtà òkè rẹ, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé tuntun ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, orúkọ rẹ sì wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Halvard